Ọlọ́dà Lórí Àga Onígbàjámọ̀

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí òtútù tó wà lọ́dọ̀ yín, mo sì kí àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú. Èmi náà wà. Orókún mi máa ń dùn mí bí mo bá dúró pẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí oníbàárà tó sọ pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé o pa fóònù mọ́ mi létí. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ohùn rẹ dá, mo sì ń pariwo "ẹlòó, ẹlòó" níwájú gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Atúnbàtàṣe tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ló ní, "Bàbá, ọmọ yín ti lọ." Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ṣé o rí i bí mo ṣe ń bò ọ́ láṣìírí? Bébà kò ṣeé pa mọ́ni létí. O lè ya á, ṣùgbọ́n wàá ti kọ́kọ́ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kí o tó pa á nìyí. Ọlọ́dà fẹ́ di ààrẹ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, gómìnà wa àná, ẹni tó da ọ̀dà sí títì wa títí aráyé fi fi ọ̀dà sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ ti dìde. Wọ́n ní olè ni, wọ́n ní ìkà ni, wọ́n ní kò ka tálákà kún. Àwọn tó ń bá a ṣe ìpolongo wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ kó tó di gómìnà, tí mo fá a nígbà tó wà nípò, tí mo ṣì ń fá a títí dòní, ó yẹ kí n gun orí pèpéle kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Mo gbà. Wọ́n wá béèrè bóyá mo bímọ. Mo ní mo bí ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ni, ó wà lókè òkun. Inú wọn dùn. Wọ́n ní kí o fi fóònù ká ohùn ara rẹ sílẹ̀, kò ní pọ̀, kí o kàn sọ pé ọmọ ìlú yìí ni ọ́, àti pé o mọ Ọlọ́dà sí ẹni rere.

Ibẹ̀ lo ti pa fóònù. Mò ń retí ohùn náà kí oṣù yìí tó parí. Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Mo rán ọ níṣẹ́ ni.

Èmi bàbá rẹ tó bí ọ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Ní ti orókún yín, mo ti sọ pé kí ẹ máa jókòó láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ẹ ò gbọ́. Ẹ fi aṣọ inú omi gbígbóná jó o.

Mo pa fóònù nítorí pé bí mi ò bá pa á, ohun tí n bá sọ sí yín kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ sí bàbá. Ó yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ ní kí n ṣe kí ni? Kí n fi ẹnu mi pe Ọlọ́dà ní ẹni rere? Ṣé ogbó ló ń jẹ́ kí ẹ gbàgbé ni, àbí ẹ fẹ́ kí èmi gbàgbé? Ọkùnrin yẹn ló lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Èmi àti gbogbo nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, lẹ́ẹ̀kan náà, lórí rédíò. Wọn ò fún wa ní ìwé kankan. Aládùúgbò ló wá kan ilẹ̀kùn pé ṣé mo ti gbọ́. Ọlọ́dà ní olójúkòkòrò ni wá, pé a daṣẹ́ sílẹ̀ lọ sẹ́nu géètì, a fi aláìsàn sílẹ̀ nítorí owó. Bẹ́ẹ̀ ìbọ̀wọ́ la ní kó rà fún wa. Omi la ní kó fà wọ wọ́ọ̀dù. Títì tó da ọ̀dà sí náà gba iwájú ilé ìwòsàn kọjá, ó dán, ó ń kọ mọ̀nà. Inú ilé ìwòsàn ọ̀hún la ti ń fi garawa pọn omi.

Ẹ wo iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí. Èmi tí mo ti di àgbà nọ́ọ̀sì, wọ́n ní ìwé mi kò tó, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀, tí mò ń nù nídìí, tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ń yìn mí? Irùngbọ̀n. Bí mo ṣe ń fá a fún àwọn bàbá arúgbó: tówẹ̀lì gbígbóná lákọ̀ọ́kọ́, kí n fi àtàǹpàkò na awọ, kí n tẹ̀lé ibi tí irun bá sùn sí. Ọ̀gá wa béèrè ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ ọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo mú kúrò nílé tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn, ọwọ́ yín ni mo sì ti kọ́ ọ. Òun ló jẹ́ kí n fèsì lẹ́tà yín.

Mi ò ní ká ohùn kankan. Ẹ sọ fún àwọn olùpolongo yín pé ọmọ yín yadi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹwàá

Àgbà Nọ́ọ̀sì,

Mo kí ọ bí a ṣe ń kí ọ̀gá. Mo ti fi aṣọ gbígbóná jó orókún náà, ó sì rọ̀ díẹ̀. O rí i pé èmi máa ń gbọ́ràn.

Jẹ́ kí n bi ọ́. Kí Ọlọ́dà tó dé, báwo lo ṣe ń lọ sílé ìwé? Ṣé o rántí pé èmi ni mò ń gbé ọ kọjá ẹrẹ̀ lọ́rùn mi lásìkò òjò, tí màá fi bàtà rẹ há abíyá? Ta ló ṣe títì náà? Ta ló kọ́ ilé ìwé tuntun sí ẹ̀yìn ọjà? Ta ló jẹ́ kí àwọn tíṣà máa gba owó oṣù nígbà tí oṣù bá parí, tí wọn kò fi wá gẹrun àwìn lọ́dọ̀ mi mọ́? Ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkóríta, tí mo fi ń fọ orí oníbàárà, ta ló gbẹ́ ẹ? O ní kò fa omi wọ wọ́ọ̀dù. Ó dáa. Ṣé ẹnì kan ló máa ṣe gbogbo rẹ̀ tán? O ti ka èyí tí kò ṣe, o kò ka èyí tó ṣe. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìwà rẹ̀ ńkọ́? Gómìnà ni, ó lè ní kí n máa wá bá òun nílé ìjọba. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá di àárọ̀ Sátidé, á fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ìkóríta, á fẹsẹ̀ rìn wọlé, á jókòó lórí bẹ́ńṣì, á dúró de àsìkò tirẹ̀. Mo ti rí ọlọ́pàá kékeré tó ní kí n fi orí tí mò ń gẹ̀ lọ́wọ́ sílẹ̀ kí n wá gẹ tòun. Ọlọ́dà kò ṣe é rí. Alágbàṣe tó ń ru bíríkì lè wà níwájú rẹ̀, á ní, "Ẹ ṣe tiyín tán." Èmi mọ orí. Ẹni tó bá níwà burúkú, bí abẹ bá ti kan ọrùn rẹ̀, ọrùn ọ̀hún á gan, torí ó mọ ohun tó ti ṣe fáyé. Ọlọ́dà máa ń sùn lọ lórí àga mi ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò fẹ́ sọ. O mọ òfin ṣọ́ọ̀bù: ohun tí oníbàárà bá sọ lórí àga, orí àga ló ń gbé, kì í bá onígbàjámọ̀ délé. Mi ò rú òfin yìí rí. Ìyá rẹ kú, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ àga kan lẹ́nu mi. Ìwọ ló mú kí n rú u lónìí. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé yín, Ọlọ́dà wá. Ojú rẹ̀ wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Mi ò bi í ní nǹkan kan, torí a kì í bi ẹni tó wà lábẹ́ abẹ ní ìbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, kí n tó buwọ́ lù ú, mo wọ wọ́ọ̀dù fúnra mi. Mo wá ọmọ yín kiri, pé bí mo bá bá a lẹ́nu iṣẹ́, màá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Mi ò rí i. Òun náà ti bá wọn lọ sẹ́nu géètì." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó wọ inú ọṣẹ tí mo fi kùn ún lójú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀. Mo mọ̀ pé o fi aláìsàn sílẹ̀, mo sì gbé e mì. Mo ta àga kejì nínú ṣọ́ọ̀bù kí o fi lè wọ ọkọ̀ òfuurufú, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tó wá ọmọ mi kiri wọ́ọ̀dù nígbà tí ọmọ mi ń kọrin lẹ́nu géètì, òun lo ní kí n pè ní ìkà.

Ká ohùn náà.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá

Bàbá,

Ẹ kú déédéé ìwòyí. Mi ò ní lè kí yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín. Mo kà á tán, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé ta ló kú. Mo ní ẹnikẹ́ni ò kú.

Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, bí mo bá pè yín, tí ẹ bá ti kí mi tán, ẹ máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Àṣé èmi lẹ̀ ń gbé mì. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé wa náà, bí mo bá ti la ẹnu, ẹ ó ní, "Mo ti gbọ́," ẹ ó sì kọjú sí dígí, ẹ ó máa nu abẹ. Mo rò pé àánú mi ló ń ṣe yín, èmi náà sì dákẹ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó lé mi, ẹ gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú. Ẹ ò fi ìgbà kan ṣoṣo pè mí pé, "Ọmọ mi, ibo lo wà lọ́jọ́ náà?" A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òwe náà, ẹ̀yin tí orí fífá jẹ́ iṣẹ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin àti Ọlọ́dà ti jókòó, ẹ ti fá tèmi kodoro, èmi olórí ò sí níbẹ̀.

Mo ní ìdáhùn. Mi ò ní kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Mi ò ní tọrọ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ bàbá tó bí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ ó bi mí, màá sì sọ. Kó tó dìgbà náà, ẹ má rán mi níṣẹ́ mọ́.

Ẹ ní ó máa ń dúró de àsìkò rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ó yẹ kó dúró, ọwọ́ yín ni abẹ wà. Ibi tí abẹ bá ti wà lọ́wọ́ òun ni kí ẹ ti wò ó. Títì rẹ̀ dára, mi ò sọ pé kò dára. Orí rẹ̀ ni mo gbà dé pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí mò ń sá kúrò nílùú.

Ẹ má mú mi dé orí pèpéle yẹn o. Ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ mi, ẹ ò gbọdọ̀ fi fọ́tò mi hàn, ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Bí ẹ bá ṣe é, ohun tí màá ṣe á dun èmi pàápàá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le.

Mo ka "ẹ ò gbọdọ̀" nínú lẹ́tà rẹ, mo tún kà á, mo tún kà á. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín lókè òkun nìyẹn? Bàbá tèmi di arúgbó kùjọ́kùjọ́ kó tó kú, mi ò sọ ọ̀kan ṣoṣo sí i rí.

Mi ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Ẹni tó lọ́rọ̀ á sọ ọ́. Ẹni tó ní kí á kọ́kọ́ wá bẹ òun kí òun tó ṣàlàyé ara òun, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ìpolongo ńlá náà di Sátidé tó ń bọ̀, ní pápá ìṣeré. Màá gun orí pèpéle, màá sọ ohun tí ojú mi rí. Bí ìyẹn bá dùn ọ́, kó dùn ọ́. Mi ò ní dárúkọ rẹ, èyí tí mo lè ṣe fún ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá lọ sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ọkùnrin náà níbi tí ayé á ti gbọ́, má fèsì lẹ́tà mi mọ́, má sì padà wá sílé mi.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kọkànlá

Bàbá,

Ẹ kú ìpolongo.

Mo wo fídíò náà. Gbogbo àwọn tí a jọ kàwé ló ń fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń bá mi yọ̀. Ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ funfun yín, ẹ lọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa pẹ̀lú, mi ò ní purọ́. Ẹ sọ ti ẹrẹ̀, ẹ sọ ti bàtà ọmọ tó wà lábíyá yín, ẹ sọ ti bẹ́ńṣì. Èrò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ ní ó máa ń sùn lórí àga. Ẹ ò dárúkọ mi. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé, ó kéré tán, bàbá mi pa àdéhùn mọ́.

Ni Ọlọ́dà bá gba máìkì lọ́wọ́ yín. Ó fọwọ́ kọ́ yín lọ́rùn. Ó ní, "Ẹ wo bàbá yìí. Onígbàjámọ̀ ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, èmi ni mo rán an lọ sókè òkun. Àpò ara mi ni mo ti mú owó jáde kó lè lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lónìí, ó ti di nọ́ọ̀sì ńlá níbẹ̀. Ohun tí màá ṣe fún ọmọ gbogbo yín nìyẹn." Fọ́tò mi sì yọ lójú tẹlifíṣàn gbàgàdà tó wà lẹ́yìn yín, èyí tí mo yà lọ́jọ́ tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀bù yín. Èrò pàtẹ́wọ́.

Mo dá fídíò dúró síbẹ̀. Mo fi ìka fẹ ojú yín kó lè tóbi. Ilẹ̀ lẹ̀ ń wò. Ẹ ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ ta àga kejì, ẹ jẹ́ kó gba àga náà mọ́ yín lọ́wọ́, kó fi ṣàánú níwájú èrò.

Ẹ ní bí mo bá sọ̀rọ̀, kí n má padà sílé yín. Ilé yín yẹn náà ni fọ́tò náà wà, lára ògiri yàrá ìyá mi. Ta ló yọ ọ́ kúrò níbẹ̀?

Mi ò tíì sọ̀rọ̀ níbikíbi. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè. Ẹ fèsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejìlá

Bàbá,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín kò dé. Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo pe atúnbàtàṣe, ó ní ara yín le, pé ẹ kàn ń gẹrun ni, ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó dáa, ẹ wà láyé.

Akọ̀ròyìn kan ti wá mi kàn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni Ọlọ́dà ló rán mi wá síbí. Mo ní kó fún mi láyè kí oṣù yìí parí. Bí ẹ bá dákẹ́ títí di ìgbà náà, màá sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi fún un, ilé yín á sì di ilé tí mi ò ní wọ̀ mọ́. Mo ti rò ó dáadáa. Mo sunkún lé e lórí, ṣùgbọ́n mo ti rò ó.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa. Mo kí ọ kú ìdúró.

Èmi ni mo fún wọn ní fọ́tò náà. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ bí o ṣe rí. Wọ́n fi fóònù wọn yà á, wọ́n dá a padà, ó ti wà lára ògiri. Mo sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ ni.

O ní mi ò sọ nǹkan kan lórí pèpéle. Mo lè ní èrò ló pọ̀, tàbí pé wọ́n ti gba máìkì lọ́wọ́ mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ló tì mí. Bí ẹni tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán bá purọ́ níṣojú rẹ, ìwọ lojú máa ń tì, kì í ti òun. Ilẹ̀ ni mo wò kí n má bàa wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn Ọlọ́dà kò wá sí ṣọ́ọ̀bù fún ìgbà díẹ̀, ó ń polongo káàkiri. Sátidé tó kọjá ló dé. Ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó dúró de àsìkò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Mo ta aṣọ sí i lọ́rùn, mo fi tówẹ̀lì gbígbóná bò ó lójú, mo po ọṣẹ. Mo fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Nígbà tí mo dé abẹ́ àgbọ̀n, mo dá abẹ dúró, mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mo bi oníbàárà ní ìbéèrè.

Mo ní, "Ọ̀gá, owó wo lẹ fún ọmọ mi?"

Kò tilẹ̀ lajú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú. Àwọn ọmọ tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ ló fi síbẹ̀, wọ́n ní á dùn létí èrò. Ṣé ọmọ yín ò sí lókè òkun ni? Àbí kì í ṣe nọ́ọ̀sì? Kí ló wá burú níbẹ̀?"

Mo ní, "Àga mi ni mo tà."

Ó ní, "Bí mo bá wọlé, màá ra mẹ́wàá fún yín." Ó sì sùn lọ.

Ó sùn lọ, ọmọ mi. Abẹ mi wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń hanrun. Oorun yẹn ni mo ti ń fi jẹ́rìí ìwà rẹ̀ káàkiri ìlú. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò ka irọ́ sí nǹkan kan náà máa ń sùn dáadáa.

Mo fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì fún un tán. Iṣẹ́ niṣẹ́, a kì í fá irùngbọ̀n dé ìdajì ká fi í sílẹ̀. Mo nù ún lójú, mo fi sípírítì sí i. Nígbà tó dìde, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ máa wá onígbàjámọ̀ mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì kò rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì ní aláìmoore ni mí. Láti ọjọ́ náà ni bẹ́ńṣì ti dá páropáro, atúnbàtàṣe nìkan ló ń wá jókòó síbẹ̀ láti sinmi.

Má yọ̀ mí o. Títì náà ṣì dára. Ẹ̀rọ omi náà ṣì ń yọ omi. Mi ò ní pe iṣẹ́ tó dára ní burúkú nítorí ẹnu ẹni tó ṣe é, bí mo bá sì tún gun pèpéle lọ́la, ohun tí màá sọ nípa ẹrẹ̀ yẹn nìyẹn. Èmi ò tíì mọ ẹni tí màá dìbò fún.

Ṣùgbọ́n ohun kan kò kúrò lọ́kàn mi. Bó bá lè ní òun ló rán ọ lọ sókè òkun, nígbà tí èmi tí mo rán ọ dúró tì í, kí ló máa sọ nípa wọ́ọ̀dù tí èmi kò sí níbẹ̀ rárá?

Nítorí náà mo bi ọ́. Ọmọ mi, ibo lo wà lọ́jọ́ náà?

Kọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Bó bá jẹ́ ẹnu géètì lo wà, sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi náà ni ọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí orókún yín, mo kí yín kú bẹ́ńṣì tó ṣófo.

Inú ṣì ń bí mi sí yín. Á ṣe díẹ̀ kó tó lọ. Ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bínú sí mi láìsọ ọ́ jáde, ẹ jẹ́ kí èmi fi oṣù díẹ̀ bínú sí yín, kí n máa sọ ọ́. Mo ti dá akọ̀ròyìn náà lóhùn. Mo ní irọ́ ni, bàbá mi ló ta àga rẹ̀ kí n tó lè dé ibí, mi ò fi nǹkan kan kún un. Èyí tó kù, ẹ̀yin lẹ bi mí, ẹ̀yin ni màá sọ ọ́ fún.

Inú wọ́ọ̀dù ni mo wà. Àwọn yòókù wà lẹ́nu géètì lóòótọ́, ibẹ̀ lèmi náà sì fẹ́ wà, torí ohun kan náà la jọ ń béèrè. Ṣùgbọ́n a ti jọ fẹnu kò pé àwọn kan gbọ́dọ̀ dúró ti àwọn aláìsàn tí kò ṣeé fi sílẹ̀, ó sì kàn mí. Obìnrin kan ń rọbí, ìdí ni ọmọ náà fẹ́ fi jáde. Mo pọn omi wọlé láti ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ìbọ̀wọ́ ẹyọ kan ló kù, mo wọ̀ ọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo fi ọ̀rá búrẹ́dì wé tòsì. Ọmọ náà jáde, obìnrin ni. Kò ké. Mo nù ún, mo nu imú rẹ̀, mo ń pè é bíi pé ó lórúkọ tẹ́lẹ̀, ó wá ké.

Ó ń ké lọ́wọ́ ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọlọ́dà ló wọlé, pẹ̀lú ọlọ́pàá rẹ̀ àti ayàwòrán kan. Ó dúró lẹ́bàá ibùsùn. Ó ní, "Ìwọ ò bá wọn lọ?" Mo ní rárá, sà. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní ọmọ onígbàjámọ̀ yín ni mí, ẹni tó ń fá yín ní Sátidé. Bàbá, inú mi dùn láti sọ ọ́. Mo rò pé iyì ni fún yín.

Ó ní kí ayàwòrán ya èmi àti òun pa pọ̀. Ayàwòrán gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú, ó tún gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀rá búrẹ́dì." Gbogbo wọn wo ọwọ́ òsì mi. Wọn ò ya fọ́tò náà. Ìyẹn ni mò ń rò láti ìgbà tí ẹ ti sọ ohun tó sọ lórí àga fún mi. Bó bá gbà pé òun rí mi, ó ní láti gbà pé òun rí ọ̀rá náà, bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì ló sọ lórí rédíò pé owó là ń lé.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Bá mi kí Bàbá." Mo ní màá jẹ́ ẹ fún yín. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n lé wa, inú bí mi, mi ò jẹ́ iṣẹ́ náà.

Bàbá, Ọlọ́dà ní kí n kí yín.

Ọmọ yín.